Wọ́n Fi Ìyá Mi Dípò Olówó Tó Ń Mu Ẹ̀jẹ̀

Inú ń bí mi, mi ò sì ní tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó bí mi. Ẹni tó bá fẹ́ ìtàn tútù, kó lọ bá ẹlòmíràn. Tísà ni mí ní Ìlá Ọ̀ràngún. Lítíréṣọ̀ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú kirikiri, mo sì mọ ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí bí mo ṣe mọ ọ̀nà ilé wa.

Ìwé òyìnbó àtijọ́ kan ni. Òkú kan wà nínú rẹ̀ tí kò kú tán. Ìjòyè ni, olówó ni, ó ní ilẹ̀ lọ súà. Inú ilé olókùúta gàgàrà kan lórí òkè ló ń gbé, ẹ̀jẹ̀ àwọn tálákà tó wà lẹ́sẹ̀ òkè ló sì ń mu. Tó bá mu ún tán, ara rẹ̀ á tún jọ̀lọ̀, irun funfun á di dúdú. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ kò tó o mọ́, ó ra ilé sí ìlú ńlá, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá wọn níbẹ̀. Ọkùnrin tó kọ ìwé náà, wọ́n ní kò fẹsẹ̀ tẹ àwọn òkè yẹn rí láyé rẹ̀, inú ìwé àwọn ẹlòmíràn ló ti ṣa ohun tó mọ̀ nípa wọn jọ. Ìyẹn ò kàn mí. Ohun tí mo fi ń yìn ín ni pé ó mọ ẹni tó yẹ kó di ẹ̀bi náà rù. Kò wá tálákà kankan dì í lé lórí. Ó ní olówó ni, ó ní onílẹ̀ ni.

Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi nìyẹn, wọn kì í sì í jiyàn. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, ṣé èmi ni mo fẹ́ wá ṣàlàyé fún un pé èèyàn lè máa sanra lórí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn? Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti máa ń rẹ́rìn-ín. Ìwé náà sọ pé òkú yìí kò lè wọ ilé onílé àfi tí onílé bá kọ́kọ́ ní kó wọlé. Wọ́n á ní, "Mà, tó bá jẹ́ Ìlá ló wá, a ti gbé nìyẹn o!" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ta ló máa kanlẹ̀kùn wa tá ò ní ti inú yàrá pariwo "ẹ wọlé o" ká tó mọ ẹni tó jẹ́?

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ ló padà wá láti Èkó. Ó ti di onífíìmù. Àdúgbò wa ni wọ́n ti bí i. Ó kó kámẹ́rà àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, "Mà, ìwé tí ẹ kọ́ wa yẹn ni mo fẹ́ fi ṣe fíìmù. Yorùbá la máa sọ níbẹ̀, Ìlá níbí la sì ti máa yà á."

Ẹ̀yin èèyàn, inú mi dùn. Tísà wo ni inú rẹ̀ ò ní dùn? Mo ní kó wọlé, kó jókòó. Mo gúnyán fún un, mo ro ọbẹ̀, mo bá a jókòó, a sì ń dárúkọ ibi tí ohun gbogbo ti lè ṣẹlẹ̀. Ó ní òun ti rí ilé tí òun máa fi ṣe ilé òkú olówó náà. Ọ̀gá kan ló kọ́ ọ sí ọ̀nà Òkè-Ìlá, ilé alájà mẹ́ta, ògiri gíga yí i ká, kò sì sẹ́ni tó ń gbénú rẹ̀ ju mégádì lọ. Mo lọ wo ilé náà, mo ní ọmọ yìí gbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ìyá mi báyìí, kí ìbínú tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ìyá mi ló ń wẹ ọmọ tuntun ní àdúgbò wa. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kì í ṣe agbẹ̀bí. Tí ọsibítù bá ti ní kí ìyá àti ọmọ máa lọ sílé, òun ni wọ́n máa ń wá pè, nítorí ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kì í mọ bí wọ́n ṣe ń di orí ọmọ mú nínú omi. Ìyá mi á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun rẹ̀. Á ní "Bísímílàhì." Á fi kànrìnkàn rírọ̀ kín in, á nà án lápá, á nà án lẹ́sẹ̀, á jù ú sókè díẹ̀ kó má baà máa bẹ̀rù tó bá dàgbà, gbogbo ìgbà yẹn ni á sì máa fi Ìgbómìnà rẹ̀ bá a ṣeré, á máa pè é ní ọkọ òun tàbí orogún òun. Tó bá wá rí i pé imú ọmọ náà dí, kò ní wá nǹkan kan kiri. Á fi ẹnu bo imú rẹ̀, á fa ikun náà jáde, á tu ú dànù, á fi omi yọ ẹnu. Ọmọ á ké, á mí, á sì dojú kọ ọmú. Àwọn nọ́ọ̀sì ní kò dáa, wọ́n ní rọ́bà ni kí wọ́n máa fi fà á. Kí wọ́n máa wí. Àwọn tí ìyá mi fi ẹnu fa imú wọn ní àdúgbò wa ti ń bímọ fúnra wọn báyìí. Onífíìmù yìí gan-an wà lára wọn.

Ó bá ìyá mi níbi tó ti ń wẹ ọmọ obìnrin aránṣọ kan tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Ó dúró, ó ń wò. Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ya èyí."

Ìyá mi ní, "Kí lẹ fẹ́ yà níbẹ̀?"

"Bí ẹ ṣe ń wẹ ọmọ, mà. Ìyá àgbà kan wà nínú fíìmù náà tó ń wẹ ọmọ."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ tó máa ń ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa tí mo bá ti gbé ọ sẹ́sẹ̀!" Ó gbà. Ó ní kí wọ́n dúró, ó lọ wọ bùbá tó máa ń wọ̀ lọ kírun ọdún. Aránṣọ náà gbà pẹ̀lú, inú rẹ̀ ń dùn pé ọmọ òun máa wọ fíìmù. Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà, imú ọmọ náà sì dí, nítorí náà ìyá mi ṣe é bó ṣe máa ń ṣe é. Ó fà á, ó tu ú sílẹ̀. Ọmọkùnrin yìí ní, "Ìyá, ẹ tún un ṣe, ẹ kọjú sí wa díẹ̀." Ìyá mi ní ikun ti tán níbẹ̀, àbí ọpọlọ ni kí òun wá fà? Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí. Ó sì tún un ṣe fún un, torí pé ọmọ rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́.

Ẹni a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Nígbà tí fíìmù náà jáde, orí fóònù ló jáde sí, kò sì pẹ́ tí gbogbo Ìlá fi rí i. Yàrá àwọn olùkọ́ ni mo ti wò ó lọ́sàn-án gangan, àwọn tísà ẹlẹgbẹ́ mi rọ̀gbà yí mi ká, torí èmi ni mo ti ń polówó rẹ̀ fún wọn. Mo ń retí olówó tó ń mu ẹ̀jẹ̀. Mo rí olówó lóòótọ́. Ó wọ agbádá funfun, ó ń gbé inú ilé alájà mẹ́ta yẹn, ó sì ń sunkún. Ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀! Ta ló ń mu ún? Ìyá arúgbó tálákà kan tó ń gbé ẹ̀yìn ògiri. Wọ́n wá ṣí ojú ìyá arúgbó náà sílẹ̀. Ojú ìyá mi ni.

Bùbá ọdún wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n fi hàn bó ṣe fi ẹnu bo imú ọmọ, bó ṣe fà á, ọwọ́ rẹ̀ lórí orí ọmọ náà. Nígbà tó gbójú sókè, ẹnu rẹ̀ pupa. Ó tu ú sílẹ̀, pupa ló tu. Wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà kun ikun imú ọmọ di ẹ̀jẹ̀. Wọ́n fi eyín gígùn kan sí i lẹ́nu, ìyá mi tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká tipẹ́. Wọ́n yọ "Bísímílàhì" rẹ̀ kúrò, wọ́n yọ ohùn rẹ̀ pàápàá, wọ́n wá fi ohùn obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí rọ́pò rẹ̀, ó ń pọfọ̀. Ìyá mi tí ìrun kan kì í kọjá lórí rẹ̀! Ọ̀kan nínú àwọn tísà rẹ́rìn-ín, ó wò mí lójú, ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Èkejì rọra bi mí pé, "Màmá yín kọ́ nìyẹn bí?" Òun ló ni fóònù tí mo fi ń wò ó. Mo dá a padà fún un, mo jáde.

Mo pe onífíìmù náà. Ó gbé e, ó tilẹ̀ ń dunnú, ó rò pé mo fẹ́ kí òun kú iṣẹ́ ni. Mo ní, "Olówó inú ìwé dà?"

Ó ní, "Mà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọ̀gá tó ni ilé yẹn ní òun ò ní yá wa tá a bá fi olówó ṣe ìkà níbẹ̀. Àti pé, mà, ta ló máa wo fíìmù tó jẹ́ pé olówó ló ń mu ẹ̀jẹ̀? Ìyá arúgbó ni àwọn èèyàn máa tètè gbà gbọ́."

"Ìyá arúgbó wo? Ìyá tó wẹ̀ ọ́?"

"Mà, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé obìnrin kan wà nínú ìwé náà tó ń mu ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé."

Ẹ wo ẹnu ọmọ! Mo kígbe mọ́ ọn débi pé àwọn ọmọ kíláàsì nílé kejì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo ní, "Ta ló sọ obìnrin yẹn dà bẹ́ẹ̀? Ọmọbìnrin dáadáa kọ́ ni tẹ́lẹ̀? Olówó yẹn náà kọ́ ló kọ́kọ́ mu tirẹ̀ tán? Ìlàjì ohun tí mo kọ́ ẹ lo rántí, èyí tó bá ẹ lára mu!"

Ó ní kí n má bínú, ó ní eré lásán ni, ó ní gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé eré ni, ó ní òun á bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n yọ ibẹ̀ kúrò. Ibẹ̀ ṣì wà nínú fíìmù náà títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé eré ni, àbí? Ẹ jẹ́ kí n sọ ti aránṣọ fún yín. Ó wà níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọmọ lé ìyá mi lẹ́sẹ̀. Ó fi ojú ara rẹ̀ rí ikun ọmọ rẹ̀ nílẹ̀, ó sì gbá erùpẹ̀ bò ó. Lẹ́yìn tí fíìmù yẹn jáde, kò gbé ọmọ náà wá mọ́. Mo ká a mọ́ ẹnu ọ̀nà, mo ní kí ló dé. Ó ń wo ilẹ̀. Ó ní àwọn ẹbí ọkọ òun ní Ọ̀tan ti rí i, wọ́n ti pè, òun ò fẹ́ ìjà. Hàbà! Obìnrin tó rí òótọ́ pẹ̀lú ojú rẹ̀ wá lọ gba ohun tí wọ́n rí nínú fóònù gbọ́.

Bí gbogbo wọn ṣe ṣe nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò bú ìyá mi, ẹ má ṣì mí gbọ́. Wọ́n ń kí i, wọ́n ń kúnlẹ̀. Wọn ò kàn wá pè é mọ́ ni. Ìyá mi á gbọ́ igbe ọmọ tuntun láti ẹ̀yìn ògiri, á so ìró rẹ̀ le, á lọ síbẹ̀. Wọ́n á pàdé rẹ̀ lójúde, wọ́n á ní, "Ọmọ ń sùn ni, ìyá." Á padà wálé, á jókòó, á ní, "Wọ́n ní ó ń sùn. Ọmọ tó ń ké yẹn." Kò tíì rí fíìmù náà. Mo ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹni tó bá fi hàn án, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ni. Ó rò pé ọjọ́ ogbó ló dé, pé àwọn èèyàn ti rí ẹni tó mọ ọmọ wẹ̀ jù ú lọ. Ó ń yẹ ọwọ́ ara rẹ̀ wò, ó ń bi mí bóyá ó ń gbọ̀n.

Ohun kan ṣoṣo ló wá kù tó fọkàn sí. Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, tó ń gbé Òṣogbo pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, lóyún. Ọmọ-ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́ tí ìyá mi máa rí láyé ni. Ó ti ra òrí, ó ti fọ kànrìnkàn tuntun, ó ti sá a. Ó ní, "Àwọn yòókù lè ní ọmọ ń sùn. Tèmi ò lè sùn mọ́ mi lọ́wọ́."

Ọmọ mi wálé wá bímọ. Ó bí obìnrin, wọ́n gbé e dé láti ọsibítù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi gbé àpótí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó na ẹsẹ̀. Ọmọ mi jáde láti yàrá, kò gbé ọmọ dání. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Màmá àgbà, ẹ má bínú. Bàbá ọmọ ní kí n máa wẹ̀ ẹ́ fúnra mi."

Ilé ìdáná ni mo wà. Mi ò mọ ìgbà tí mo dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní, "Ta ni bàbá ọmọ? Ṣé kì í ṣe ìyá yìí ló wẹ ìyàwó tó fẹ́ ni? Àbí ta ló rò pé ó wẹ̀ ẹ́?"

Ọmọ mi ń sunkún. Ó ní, "Mọ́mì, mo mọ̀ pé eré ni. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá di ojú mi, ẹnu màmá àgbà ni mò ń rí, tó pupa."

Inú mi yìí náà ló ti jáde! Ká ní mo gbá a létí lọ́jọ́ yẹn, Ọlọ́hun ì bá dárí jì mí.

Ìyá mi ò pariwo. Ó ní, "Kí ló ṣe ẹnu mi tó fi pupa?" Ó kọjú sí mi, ó ní, "Ìwọ ni mò ń bi."

Mo mú fóònù wá. Kí ni mo tún fẹ́ fi pamọ́? Ó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lórí àpótí yẹn, omi ń tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Bísímílàhì tí mo ṣe ńkọ́?" Mo ní wọ́n ti yọ ọ́. Ó ní, "Ohùn ta nìyí?" Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Ó ní ta ló ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n ti mú un. Mo sọ fún un, mo ní olówó ni, onílẹ̀, ìjòyè. Ó pòṣé, òṣé tó gùn. Ó ní, "Òyìnbó tí kò mọ̀ mí rí kò purọ́ mọ́ mi. Ọmọ tí mo wẹ̀ ló purọ́ mọ́ mi." Ó da omi náà nù, ó gbé àpótí wọlé.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, eruku ọyẹ́ mú ọmọ náà. Imú rẹ̀ dí pátápátá. Á gbá ọmú mú, á jù ú sílẹ̀, á ké, èémí rẹ̀ á máa dún hòrò hòrò. Ọmọ mi ní rọ́bà tí wọ́n rà ní kẹ́míìsì, ó ń fi fà á, kò rí nǹkan kan fà jáde. Mo rí i pé ètè ọmọ náà ti ń ṣú. Mo ní ká máa gbé e lọ sí ọsibítù, mo sáré jáde wá ọ̀kadà. Mi ò tíì dé títì tí mo fi gbọ́ ohùn ọmọ mi lẹ́yìn mi, "Màmá àgbà! Ẹ gbà mí o!"

Mo sáré padà. Ìyá mi ti dìde lórí ẹní ìrun rẹ̀. Ó gba ọmọ náà. Ó ní "Bísímílàhì," ó ké e jáde ketekete, kí àwọn tó wà lẹ́yìn ògiri lè gbọ́. Ó fi ẹnu bo imú ọmọ, ó fà á, ó tún fà á. Ọmọ náà kígbe tó gba gbogbo ilé, ó mí kanlẹ̀. Ètè rẹ̀ tún pọ́n.

Ìyá mi ò tu ú sílẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló tu ú sí. Ó nà án sábẹ́ ojú ọmọ mi.

"Wò ó. Wò ó dáadáa. Ó pupa?"

Ọmọ mi bú sẹ́kún.

"Mi ò ní kó o sunkún. Mo ní, ó pupa?"

"Kò pupa, màmá àgbà."

"Pe ọkọ rẹ kó o sọ ọ́ kó gbọ́."

Ó pè é. Níbẹ̀ náà, ìyá mi dúró tì í pẹ̀lú ọwọ́ yẹn ní nínà. Ọmọ mi sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ pé kò pupa. Ìyá mi wá gbé ọmọ náà fún un, ó lọ fọ ọwọ́, ó fi omi yọ ẹnu. Ó ní, "Ó tán. Mi ò wẹ ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́." A rò pé ìbínú ló ń sọ̀rọ̀. Mo gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù síbẹ̀síbẹ̀, wọ́n ní ara rẹ̀ dá.

Ọmọ mi ò pa á mọ́, mo gbọ́dọ̀ fi èyí yìn ín. Ó ròyìn rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Wọ́n ti wá ń wá báyìí. Aránṣọ ló ṣáájú wọn, ó kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó ń sọ pé àwọn ò mọ̀. Ẹ ò mọ kí ni? Ìyá mi ò tilẹ̀ yí ọrùn. Ó ní, "Ẹ ránṣẹ́ sí ọmọ yín l'Ékòó, kó wá fi kámẹ́rà wẹ̀ ẹ́ fún yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Láàárọ̀ òní, ọmọ mi ń wẹ ọmọ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò mọ orí rẹ̀ mú, ọṣẹ wọ ọmọ lójú, ọmọ ń ké, ìyá náà ń ké. Ìyá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kò jìnnà sí wọn rárá. Ó ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ itan, ó jókòó lé wọn lórí, kò sì dìde.